Bí Mo Ṣe Wá Ọmọ Ọlọ Lọ sí Ìsàlẹ̀ Odò Sókótó

Ẹnu mi ló fa gbogbo rẹ̀. Ó ku bí ọdún mẹ́rin kí a gba òmìnira nígbà tí ìjọba gbé mi láti Ìjẹ̀bú lọ sí Sókótó, pé kí n lọ ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì wọn kan níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, n kò tíì níyàwó, gbogbo ohun ìní mi kò ju àpótí kan, kẹ̀kẹ́ kan àti fọ́tò ara mi kan lọ, èyí tí mo ti wọ kóòtù tí kì í ṣe tèmi. Mo gba yàrá kan nínú ilé oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ta abọ́ tánganran lọ́jà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti pẹ́ ní Sókótó débi pé bí nǹkan bá bá wọn lójijì, "Kai!" ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn kí "Yéè!" tó rántí ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pe ọkọ. Ìyá ni mo ń pe ìyàwó, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti ń jẹun.

Lẹ́yìn ìrun alásàrì, àwọn ọkùnrin ilé wa àti àwọn ará Ìlọrin tó wà ládùúgbò máa ń tẹ́ ẹní síwájú ilé, kálukú á sì máa fi ìlú rẹ̀ yangàn. Ará Ìlọrin á sọ ti ẹṣin, Ẹ̀gbọ́n á sọ ti àwọn ọdẹ ìlú wọn. Nígbà tó kàn mí, kí ni ọmọ Ìjẹ̀bú fẹ́ sọ? Mo ní, "Ní ìlú tiwa lẹ́bàá ọ̀sà, ọmọ kì í kọ́kọ́ rìn. Ó máa ń kọ́kọ́ wẹ̀ ni. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti jókòó nísàlẹ̀ ọ̀sà rí, tí mo ń kí ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan."

Wọ́n pariwo, wọ́n pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn.

Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé omi kò kọjá orúnkún mi rí. Ọkọ̀ dojú dé mọ́ ìyá mi lórí nígbà tó wà lọ́mọge, láti ìgbà náà ni kò sì ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọ rẹ̀ sún mọ́ ọ̀sà. Ẹ̀yìnkùlé, lẹ́bàá kànga, ni mo ti ń wẹ̀ dàgbà, pẹ̀lú igbá.

Irọ́ náà ì bá kú síbẹ̀ tí kì í bá ṣe ti ọmọ ọlọ. Ìyá ní ọmọ ọlọ kan, òkúta dúdú kan tó rí gbọọrọ, tí ìyá tó bí i fi lọ ata títí ọlọ́jọ́ fi dé. Nígbà tó ń bọ̀ ní Sókótó, ó gbé e wọ rélùwéè, ó gbé e wọ lọ́rì, orí itan rẹ̀ ló sì gbé e lé títí wọ́n fi dé. Ó ní òkúta ìlú yìí ń da yanrìn sínú ata. Ibikíbi tí wọ́n bá ti pè é wá sè, tòun ti ọmọ ọlọ rẹ̀ ni. Bí ọyẹ́ ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún yẹn, wọ́n pè é síbi ìsọmọlórúkọ kan ní abúlé kan lódìkejì odò. Nígbà tó ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀, àgbò kan tí wọ́n dè mọ́ ìdí ọkọ̀ ta dìde lójijì. Ọkọ̀ fì sápá kan, Ìyá di àgbò mú, àgbò di Ìyá mú, kò sì sẹ́ni tó di igbá tí ọmọ ọlọ wà nínú rẹ̀ mú. Ọmọ ọlọ bọ́ sódò, jàbú.

Nígbà tó wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sórí àpótí ìdáná, ó tú gèlè rẹ̀, ó ní, "Ìyá mi kú lẹ́ẹ̀kejì lónìí."

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Ló bá ṣíjú wò mí, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ bí ẹni tó rí owó he. "Kí ló dé tí a ń sunkún? Ṣebí ẹni omi ń gbé inú ilé wa! Àbúrò, ẹni tó ń kí ẹja nísàlẹ̀ ọ̀sà, kí ni ti odò Sókótó sí i?"

Ìyá gbójú sókè wò mí. N kò tíì rí irú ojú ìrètí bẹ́ẹ̀ rí. Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo wúkọ́, mo ní, "Ẹ jẹ́ kí ooru dé dáadáa ná. Omi tó tutù báyìí, ẹja inú rẹ̀ kì í fẹ́ àlejò." A fi í sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe kúrò lẹ́nu iṣẹ́, mo gun kẹ̀kẹ́ mi lọ sódò. Odò Sókótó lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe odò tó ń halẹ̀ mọ́ èèyàn. Omi á fà sẹ́yìn, á di adágún kéékèèké láàárín yanrìn, á sì mọ́ débi pé èèyàn á rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Síbẹ̀, mo fi kẹ̀kẹ́ mi síbi tó jìnnà sí i. Ní èbúté, mo bá bàbá apẹja kan tó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Ó ti fi ìgbà èwe rẹ̀ pẹja lọ sí odò Ọya títí dé Jẹ́bà, ó sì gbọ́ Yorùbá níwọ̀n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni akèrègbè kan wà tó tóbi ju ikùn aboyún lọ, èyí tí àwọn apẹja ìhà ibẹ̀ ń dùbúlẹ̀ lé lórí omi.

Mo kí i, "Sannu, Baba."

"Yauwa, Akawu," ó dáhùn. Bí Hausa ṣe ń pe akọ̀wé nìyẹn. Ó ti fi ṣòkòtò mi mọ̀ mí.

Mo ro gbogbo ẹjọ́ mi fún un, láti orí irọ́ dé orí àgbò. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Ṣé o fẹ́ mú òkúta ni, àbí o fẹ́ kí òkúta mú ọ?"

Mo ní mo fẹ́ mú òkúta.

"Ó dáa. Má bọ́ aṣọ o. Padà sílé. Bu omi sínú abọ́ tó fẹjú, ki ojú rẹ bọ̀ ọ́, la ojú sílẹ̀, kí o máa mí èémí jáde díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí omi kò bá jọ ọ́ lójú mọ́, kí o wá bá mi."

Inú bí mi. Mo rò pé idán ni yóò kọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo lọ sílé, mo bu omi sínú abọ́ ìfọwọ́ mi, mo ti ilẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, omi gba imú mi wọlé dé ibi tí n kò mọ̀ pé ó wà nínú orí èèyàn. Mo sín, mo wúkọ́, mo tún ki orí bọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ kẹta, mo ti ń mí jáde, omi sì ń hó gulugulu létí mi, mo ń gbádùn rẹ̀. Èyí ni n kò fi gbọ́ nígbà tí Ìyá kan ilẹ̀kùn, tó sì ṣí i.

"Ẹ wá o! Bàbá wọn, ẹ wá o! Akọ̀wé ń bá omi sọ̀rọ̀!"

Nígbà tí mo fi máa gbé orí sókè, tọkọtaya ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Omi ń kán ní irùngbọ̀n mi. Ẹ̀gbọ́n rọra bi mí léèrè, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, "Àbúrò, ṣé kò sí nǹkan? Ṣé ará ilé ń kọ̀wé sí ọ?"

Níbẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́. Mo sọ ti ìyá mi, mo sọ ti kànga àti igbá, mo sọ pé n kò kí ẹja kankan rí àfi èyí tó wà nínú ọbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n jókòó sílẹ̀, ó ń na itan ara rẹ̀. "Ìjẹ̀bú tí kò mọ omi! Fúlàní tí kò mọ màlúù! Kai, ayé yìí!" Mo mọ̀ pé kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ará Ìlọrin ti gbọ́.

Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó jáde, mo sì rò pé ó ti bínú. Nígbà tó padà dé, abọ́ tánganran tó tóbi jù nínú ọjà ọkọ rẹ̀ ló gbé lọ́wọ́. Ó gbé e kalẹ̀ síwájú mi. "Tìrẹ yẹn kò jìn tó," ó wí. "Èyí á gba etí rẹ pàápàá."

Láti ọjọ́ yẹn, ó di alágbàtọ́ mi. Bí ó bá ń ṣa ẹ̀wà lọ́sàn-án, èmi á ki orí bọ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun á sì máa ju ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan sínú ìkòkò bí ó ṣe ń kà. Bí mo bá yọrí, á ní, "Ẹ̀wà mẹ́rìnlá," tàbí, "Ẹ̀wà mọ́kànlélógún lónìí. Ó ti ń di ọbẹ̀." Nígbà tó yá, ara Ẹ̀gbọ́n kò gbà á mọ́. Ó ní òun náà fẹ́ ka ẹ̀wà tòun. Kó tó ki orí bọ̀ ọ́, ó kọ́kọ́ mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá tó lé ehoro, ó ní kí afẹ́fẹ́ lè pọ̀ nínú òun ni. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá apẹja, kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Sọ fún un kó má dán an wò mọ́," ó ní. "Ẹni tó bá mí bẹ́ẹ̀ kó tó wọ omi, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ara kò ní kìlọ̀ fún un mọ́. Á sùn lọ nínú omi bí ọmọ tó yó, kò sì ní jí. Kì í ṣe eré ìje. Bí ara bá ti ní kí o mí, yọrí kí o mí."

Nígbà tí ojú mi kò bẹ̀rù omi mọ́, bàbá mú mi wọ odò. Ibi tí omi dé àyà mi nìkan ló gbà fún mi, òun alára sì kọ́kọ́ rìn yí ibẹ̀ ká, ó ń fi ọ̀pá tọ́ ọ, pé bóyá ọ̀nì tàbí kòtò wà níbẹ̀. Ó ní n kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ láé láìsí ẹlòmíràn tó ń wò mí. Ó gbé akèrègbè rẹ̀ fún mi, ó ní kí n gbé àyà lé e, kí n na ẹsẹ̀, kí n má ṣe nǹkan kan. Àìṣe nǹkan kan yẹn ló nira jù. Gbogbo ara mi fẹ́ bá omi jà. "Akawu!" ló ń pè, "fi í sílẹ̀! Omi kò jẹ ọ́ ní nǹkan kan!" Ní ọjọ́ kejì ni ìbàdí mi tó gbà, tí ẹsẹ̀ mi léfòó, tí mo sì rí i pé akèrègbè lásán lè gbé akọ̀wé ìjọba.

Nígbà náà ni ó ge ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ fún mi, èyí tó ní ihò nínú. Gígùn rẹ̀ kò ju láti ìgbọ̀nwọ́ mi dé orí ìka lọ. Mo fi eyín di ìdí rẹ̀ mú, mo fi ìka méjì di imú, mo dojú bo omi lórí akèrègbè, orí ọ̀pá sì yọ sókè omi. Mo mí. Afẹ́fẹ́ wọlé, ó ń ta sánsán bí ewé tútù. Mo tún mí. Ní gbogbo ayé mi, n kò rò pé mo lè gbé orí sínú omi kí n sì máa mí bí ẹni tó jókòó sí pálọ̀. Mo fẹ́ kígbe, mo gbàgbé pé ọ̀pá wà lẹ́nu mi, mo mu odò.

Ìṣòro tó kù ni pé ojú lásán kì í rí nǹkan dáadáa nínú omi. Gbogbo nǹkan á rí bàìbàì bí ìgbà tí èèyàn bá ń sunkún. Mo ronú títí, mo wo ògiri yàrá mi, mo rí fọ́tò mi. Mo yọ gíláàsì rẹ̀. Káfíńtà kan ládùúgbò bá mi fi ṣe ìdí àpótí kékeré kan tí òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀, a sì fi ìda àti ọ̀dà dí etí rẹ̀ yípo. Èèyàn á dúró nínú omi, á tẹ ìdí àpótí náà bọ omi díẹ̀, á sì ki ojú bọ òkè rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni eruku Sókótó ti ń bà lé mi lójú nínú fọ́tò lórí ògiri, ṣùgbọ́n n kò ka ìyẹn sí.

Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ lé mi lọ sódò láti fi mí ṣẹ̀sín. Ó dúró ní bèbè pẹ̀lú agbádá àti agboòrùn, ó ń kọ́ mi láti ibẹ̀. Nígbà tó rí àpótí gíláàsì, ó ní kí n mú un wá kí òun wò ó. Mo ní bèbè kò ní ẹja. Ó bọ́ bàtà. Ó ká ṣòkòtò. Kò pẹ́, omi ti dé ìbàdí rẹ̀, agbádá rẹ̀ léfòó yí i ká bí ewé òṣíbàtà, orí rẹ̀ sì wà nínú àpótí. A kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tó yọrí, ó ní, "Àbúrò, epìyà kan ń wò mí. Ó ń wò mí bí oníbàárà tó mọ̀ pé mo fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ."

Láti ìgbà náà, òun ló kù tí à ń bẹ̀ kó padà sílé. Ọpọlọ oníṣòwò kì í sinmi, ó wo ọ̀pá ìbẹ́pẹ mi, ó ní kí ló dé tó kúrú. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé rọ́bà gígùn kan dé láti ọ̀dọ̀ àwọn atún-lọ́rì-ṣe, ó ga ju èèyàn méjì lọ. Ó ní òun á jókòó sísàlẹ̀ odò títí ìrun á fi tó. Bàbá apẹja wò ó, ó gbọn orí, ó mú un lọ síbi tí omi dé àyà, ó di apá rẹ̀ mú ṣinṣin. "Ó yá, jókòó," ó ní. Ẹ̀gbọ́n jókòó. Kò tó ẹ̀wà mẹ́fà tó fò sókè, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń mí bí ẹwìrì.

"Kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀! Àwọn atún-lọ́rì-ṣe yẹn ti lò ó tán!"

Bàbá ní, "Èyí tí o mí jáde ni ò ń mí padà sínú, kò ráyè jáde. Omi sì jókòó sí ọ láyà. Ọ̀pá kúkúrú, orí omi. Kò sí òmíràn." Láti ìgbà náà lọ, ewébẹ̀ Ìyá ni Ẹ̀gbọ́n ń fi rọ́bà náà bomi rin.

Ọjọ́ tí a dá pé. Ìyá wá sódò pẹ̀lú wa, ó jókòó lábẹ́ igi kan ní bèbè. Bàbá fi ọkọ̀ gbé mi lọ síbi tí ọkọ̀ ti fì lọ́jọ́ àgbò. Omi ibẹ̀ ga ju mí lọ ní nǹkan bí ìwọ̀n apá kan. Mo dojú bo àpótí gíláàsì láti inú ọkọ̀, mo sì rí ayé kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí. Oòrùn ń rìn lórí yanrìn ìsàlẹ̀ bí àwọ̀n tí wọ́n ń fà. Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà bí ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n lu aago fún. Mo rí ìkarahun, mo rí bàtà ẹsẹ̀ kan, mo rí ṣíbí ìdáná tí ẹja àrọ̀ kékeré kan ti sọ di ilé. Mo rí òkúta dúdú kan tó rí gbọọrọ.

"Ó wà níbẹ̀!" mo kígbe.

Bàbá ri ọ̀pá ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti kọ́ mi pé kí n má fò sínú omi, kí n di ọ̀pá mú, kí n máa sọ ara mi kalẹ̀ lọ́wọ́ lọ́wọ́, bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí igi. Bí etí bá ti ń dùn mí, kí n padà sókè. Lẹ́ẹ̀kíní, etí mi dùn mí, mo padà. Lẹ́ẹ̀kejì, ìdí mi kọ̀ láti wọ omi. Ó léfòó, ó yọ sókè, ẹsẹ̀ mi ń ta nínú afẹ́fẹ́, mo sì gbọ́ ẹ̀rín Ẹ̀gbọ́n kódà nísàlẹ̀ omi. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo dé ibẹ̀. Mo la ojú, mo fọwọ́ kan yanrìn, mo fi òkúta náà sínú àpò àwọ̀n tí okùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ bàbá, mo sì gun ọ̀pá padà wá sí ayé.

A gbé e lọ bá Ìyá. Ó gbà á, ó yí i lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan péré.

"Kì í ṣe tèmi," ó wí.

"Háà! Ìyá, ẹ tún un wò!"

"Ọmọ mi, tèmi ya létí kan. Ìyá ẹlòmíràn nìyí."

Ó rẹ̀ mí débi pé mo jókòó sínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n, tí kò fẹ́ràn kí ọjà bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, ti wọ ọkọ̀ gba ipò mi, ó ti dojú bo àpótí. Ó pẹ́ lórí ẹ̀. Bàbá ń fi ọ̀pá sún ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú àpótí, ó ń dún bí ẹni tó wà nínú ìkòkò: "Ó ya létí kan! Kai! Ó ya létí kan, ẹja ti yàgbẹ́ lé e lórí!"

Mo tún sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan péré ni. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ Ìyá, kò yí i wò rárá. Ó kàn fi ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ nù ún, ó gbé e sí àyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìyá rẹ̀ ní oríkì, jẹ́jẹ́. Bàbá apẹja tí kò gbọ́ ju ìdajì rẹ̀ lọ bọ́ fìlà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ síbẹ̀. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn èèyàn ti ń wá mi wá sílé. Obìnrin kan láti ìhà Wamakko ń wá ẹ̀gbà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin kan ń wá kọ́kọ́rọ́ àpótí tó ti tà. Ọ̀kan wá nítorí ewúrẹ́, mo sì ṣàlàyé fún un pé ewúrẹ́ kì í dúró de ẹni nísàlẹ̀ omi. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sódò lọ́jọ́ ìsinmi, bàbá apẹja á sì jókòó lórí akèrègbè rẹ̀ máa wò wá. A kò rí ẹ̀gbà ẹsẹ̀ náà. A rí nǹkan tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ tí ẹnikẹ́ni kò wá.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é títí òjò àkọ́rọ̀ fi rọ̀ lápá òkè odò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a dé èbúté, a bá omi tó ti pupa bí ẹ̀kọ bàbà. Mo tẹ àpótí bọ̀ ọ́, n kò rí nǹkan kan àfi ojú ara mi. Mo bi bàbá apẹja léèrè ìgbà tí yóò tún mọ́. Ó na ọwọ́ sí odò tó ń kún bọ̀, ó ní, "Odò ti di ti ara rẹ̀ báyìí, Akawu, ó di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Ẹ lọ sílé, ẹ lọ jẹun." A gbé kẹ̀kẹ́ wa, a sì lọ.